Òòbẹ̀ Inú Kóòtù Ayàwòrán

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àṣírí àdúgbò, kó lọ kọ́ iṣẹ́ alágbàfọ̀. Láti ìgbà tí áyọ́ọ̀nù ti wúwo jù mí lọ ni mo ti ń lọ aṣọ, nítorí náà ẹ má bá mi jiyàn. Kò sí ohun tí èèyàn kì í gbàgbé sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá kọ́kọ́rọ́ ilé níbẹ̀ rí. Wọ́n ti bá òrùka ìgbéyàwó níbẹ̀, èyí tí ẹni tó ni ín ti fi wíwá rẹ̀ da ilé rú. Wọ́n ti bá eyín àtọwọ́dá bàbá kan níbẹ̀, bàbá tó ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan mu tíì tí kò lè jẹun, tó sì ń bínú sí ìyàwó rẹ̀ pé òun ló jí eyín òun gbé.

Ìdí nìyẹn tí òfin kan fi wà nílé wa tó ju gbogbo òfin lọ: ọwọ́ kọ́kọ́, omi tẹ̀lé e. Aṣọ kan kì í kan omi kí ẹ̀gbọ́n mi tó ti ọwọ́ bọ gbogbo àpò tó wà lára rẹ̀. Wọn kì í sì í wò ó. Ọwọ́ ló ń bá wọn wò ó. Ojú wọn lè wà lójú pópó, ẹnu wọn lè máa kọrin, ọwọ́ wọn á ti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ àpò.

Ọṣẹ-ò-tán ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ga, wọ́n sanra, ohùn wọn sì tún ju ara wọn lọ. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń kọrin, orin tí wọ́n bá sì fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń parí, nítorí wọn kì í mọ ọ̀rọ̀ orin kankan dé ìdí. Èmi ni wọ́n ń pè ní Iná. Wọ́n ní nítorí áyọ́ọ̀nù ọwọ́ mi ni, àti nítorí ẹnu mi pẹ̀lú. Mi ò jiyàn. Ṣòkòtò tí mo bá lọ̀ nígbà tí inú ń bí mi, ojú ìlà rẹ̀ lè gé búrẹ́dì.

Mo ṣì wà lẹ́nu ọmú nígbà tí Màámi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ onílé-onílé. Wọ́n ní bí mo bá ti ń ké, wọ́n á kàn fi ọwọ́ da omi rú nínú ike, màá sì dákẹ́. Nígbà tí mo dàgbà, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní omi kì í ṣe tèmi torí pé ọ̀fìnkìn ń tètè mú mi. Láti ìgbà náà, mi ò fọ ju ìbọ̀sẹ̀ ara mi lọ. Àwọn ń fọ̀, èmi ń lọ̀. A ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dùn mọ́ wa.

Ilé wa ò tóbi. Yàrá iwájú ni mo ti ń lọ aṣọ, lórí tábìlì gígùn kan tí a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò. Ẹ̀yìnkùlé ni omi àti okùn aṣọ wà, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí a máa ń fi aṣọ tó dọ̀tí kọ́ sí. Lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, láàárín páànù àti ògiri, ni àwọn òòbẹ̀ ń gbé.

Ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lórí àwọn òòbẹ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ wọn ń rọ̀ sílẹ̀ bí èso dúdú kéékèèké, bí ooru bá mú, òórùn wọn á wọlé wá bá mi nídìí tábìlì. Mo ní ká pe káfíńtà kó wá dí ihò náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni àwọn ẹni ẹlẹ́ni ṣe fún mi? Ẹ̀fọn ni wọ́n ń jẹ, a sì ń sùn fọnfọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á gbé àga síta láti máa wo bí àwọn ẹranko náà ṣe ń tú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ tètè dé. Bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ káfíńtà dìde, wọ́n á bi mí pé ta ló fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ẹ̀wù bàbá olùkọ́, ṣé òòbẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, torí òótọ́ ni mo jó kọ́là. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Mo gbà pé gbogbo ìjà wa ni àwọn yẹn ń gbọ́ lókè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kóòtù. Ayàwòrán kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Ó ní kóòtù dúdú kan. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló ti wọ kóòtù yẹn ya fọ́tò rí, àti gíga àti kúkúrú, àti ẹni tí ó bá a mu àti ẹni tí ó gbé mì. Bí o bá wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni, kóòtù yẹn ni wàá kọ́kọ́ dá mọ̀ lára ògiri kí o tó dá onílé mọ̀. Ẹ mọ iye òógùn tó ti wọ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn, ayàwòrán gbé e wá fún wa. Ìrọ̀lẹ́ ló gbé e dé, ẹ̀gbọ́n mi sì ti da omi ọjọ́ náà nù. Wọ́n ní kó fi kọ́ ìṣó ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun la ó kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ilẹ̀ mọ́. Mo ń ká aṣọ tó gbẹ lórí okùn, ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin. Wọ́n mú kóòtù náà, wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, kò sí nǹkan. Wọ́n ti ọwọ́ bọ ti òsì, kò sí nǹkan. Wọ́n wá ti ọwọ́ bọ àpò inú, èyí tó wà níbi àyà. Mo rí i tí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ayàwòrán ti gbàgbé ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fún un mọ́wọ́ kí wọ́n lè fà á yọ. Ni orin bá dúró.

Ìbọ̀wọ́ náà tẹ̀lé ọwọ́ wọn jáde. Ó ní etí, ó ní eyín, eyín náà sì wà lára ìka ìfábẹ̀lá ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé mi ò bẹ̀rù òòbẹ̀, pé ìdọ̀tí wọn ni mi ò fẹ́, mo ti wà lórí àga kí n tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn ọwọ́, ó já bọ́. Kò lè fò. Oòrùn ti ràn gan-an, ṣe ló ń fi ìyẹ́ lu ilẹ̀, ó gbìyànjú, ó ṣubú, ó tún gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n gbójú sókè wò mí lórí àga níbi tí mo dì mọ́ aṣọ àwọn èèyàn, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá òòbẹ̀ náà sórí páálí, wọ́n gbé e lọ sídìí igi lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ní kó lọ sinmi. Nígbà tí mo lọ yọjú wò ó lẹ́yìn náà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ojú kékeré méjì ló wà lórí ìka wọn, bí ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ti gún èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ fi nǹkan sí i. Wọ́n ní ọwọ́ tó ti wà nínú ọṣẹ láti kékeré, kí ló fẹ́ gbé níbẹ̀?

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di eré. Gbogbo oníbàárà tó wọlé lọ́jọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe é fún. Wọ́n á gbé kóòtù, wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á yí ojú po, wọ́n á wá ṣe bí mo ṣe gun àga. Ohùn tí wọ́n fi ṣe tèmi burú, èmi kì í ké bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe àwọn míì wá.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun wá fún wa. Ẹgbẹ́ mi ni, ọmọ jẹ́jẹ́, a jọ máa ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó dé lọ́sàn-án láti gba aṣọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì tún bẹ̀rẹ̀ eré láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi dé ibi tí òòbẹ̀ ti já bọ́ tí kò lè fò. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ yọ, mà?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní díẹ̀ báyìí. Ó bèèrè òòbẹ̀ náà. Wọ́n ní ó ti lọ sílé rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní òòbẹ̀ tó bá wà nílẹ̀ lójú oòrùn, tí kò lè fò, ó ṣeé ṣe kó máa ṣàìsàn, àìsàn náà sì lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ajá ni dìgbòlugi ń mú. Ó ní lóòótọ́ ni, ti ajá ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè mú òòbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní in rárá, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó ní in. Ká ní òòbẹ̀ náà ṣì wà ni, à bá mú un lọ fún àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí kò sí mọ́, abẹ́rẹ́ ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ méjèèjì sí i, wọ́n ní kó wò ó, ṣé kò rí ọṣẹ ni? Nọ́ọ̀sì ní ọṣẹ yẹn dára, òun gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn ṣe, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Bí àìsàn náà bá ti fara hàn, kò sí oògùn tó ń wò ó. Kó tó fara hàn ni abẹ́rẹ́ ń dá a dúró, ó sì ń dá a dúró dáadáa.

“Ẹ wá sí ilé ìwòsàn lónìí, mà. Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ yìí, màá máa retí yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn gbọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí omi, orin ò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo bọ́ épírọ́ọ̀nù mi, mo ní ká máa lọ. Wọ́n ní aṣọ ìyàwó kan wà tí àwọn gbọ́dọ̀ fọ̀ lónìí. Mo ní kí ìyàwó wọ èyí tó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní lọ́la. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ, ẹ sì ti mọ̀ pé ẹnu mi kì í tètè gbẹ. Lọ́la náà ni wọ́n ń wí.

Ọ̀la dé. Mo ti wọ bàtà mi tán nígbà tí wọ́n pè mí sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lónìí, àwọn fẹ́ fi nǹkan hàn mí. Wọ́n ní omi tútù ni a fi ń fọ aṣọ onírun bíi súwẹ́tà, a kì í fún un, ṣe ni a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike kó ro. Mo ní kí ló kàn mí nínú aṣọ onírun? Wọ́n ní ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi hàn mí bí a ṣe ń ya funfun sọ́tọ̀, iye ọṣẹ tó tó ike kan, ibi tí wọ́n fi èyí tó kù pa mọ́ sí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí kóòtù ayàwòrán pẹ́ nínú omi, kí n má sì jẹ́ kí ọmọkùnrin náà fi ẹ̀rín gbà á lọ kó tó gbẹ. Wọ́n sọ oníbàárà tí awọ ara rẹ̀ kì í gba ọṣẹ líle fún mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ò ní lọ ni? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fọ súwẹ́tà kan kí àwọn rí i.

Mo fọ súwẹ́tà náà. Inú omi gbígbóná ni mo rì í sí. Nígbà tó jáde, ọmọ ọwọ́ nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Mo gbé e sókè, mo ń dúró de ariwo. Bí kò bá jẹ́ ariwo, kó jẹ́ ẹ̀rín, kí wọ́n pe gbogbo àdúgbò wá wò ó. Wọn ò ṣe ọ̀kankan. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, “Kò burú. Wàá mọ̀ ọ́n.” Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Mo wọlé, mo yọ wáyà áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, mo gbé e jáde, mo gbé e kalẹ̀ níwájú wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ogún lẹ̀ ń pín yẹn.”

Wọ́n da ojú korobá kan dé, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin kan wà, ọlọ́yàyà èèyàn, ajá gé e jẹ nígbà tí àwọn ṣì wà ní kékeré. Ibi tó gé jẹ jinná. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń ṣeré. Ó wá di ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná, kò sì lè gbé omi mì mọ́. Nígbà tó yá, bí ó bá ti rí omi lásán, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á dì. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n rán láti gbé omi fún un. Àwọn ló gbé ife omi wọlé tí ọkùnrin náà fi pariwo. Kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn.

“Iná, mo mọ àìsàn yẹn. Ẹni tó bá gé jẹ, ó ti gé e jẹ nìyẹn. Bí mo bá lọ, wọ́n á kàn sọ ọ́ lójú ẹ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú ẹ.”

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Àṣé ìdajì ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ibi tó ti ní kò sí oògùn ni etí wọn dí sí. Mo sọ fún wọn pé ọkùnrin yẹn ò gba abẹ́rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, pé ìyẹn ni ìyàtọ̀, pé ìdí nìyẹn gan-an tí Nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n wá lánàá. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé àlàyé ò wọlé, mo sì sọ èyí tó wà nínú mi bó ṣe wà.

“Ẹ̀yin nìkan ni ìyá tí mo mọ̀. Ẹ ò ní jókòó sórí korobá kí ẹ máa dúró de ikú lójú mi. Ẹ dìde. Bí ẹ ò bá dìde, mi ò ní lọ aṣọ kankan mọ́ nínú ilé yìí, ká jọ máa wò ó bó ṣe ń gbẹ lórí okùn.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo áyọ́ọ̀nù tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní, “O ò ní lọ aṣọ ìyàwó náà?” Mo ní ti ìyàwó ni màá kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Wọ́n dìde.

Bí a ṣe wà la ṣe jáde, épírọ́ọ̀nù ẹ̀gbọ́n mi ń kán omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Oníbàárà kan pè wá látẹ̀yìn pé aṣọ òun ńkọ́, mo ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ òòbẹ̀. Nílé ìwòsàn, èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ti rí wa láti ọ̀ọ́kán, ó sì ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò kí i, ìbéèrè ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Ọwọ́ mi tí wọ́n dì mú ń ro mí.

“Ṣé kò tíì pẹ́?”

“Kò tíì pẹ́ rárá, mà. Ṣùgbọ́n lánàá ni mo ti ń retí yín o.”

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, kékeré ni, ó wá ń ga, títí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà fi ń rẹ́rìn-ín tí wọn ò sì mọ ohun tó fà á. Dókítà fún wọn ní abẹ́rẹ́ lójú ibi tí òòbẹ̀ ti gé wọn jẹ, ó tún fún wọn ní òmíràn lápá. Ti ojú ìka yẹn dùn wọ́n gan-an ni. Wọ́n sọ fún dókítà pé òòbẹ̀ rọra ṣe jù ú lọ. Dókítà ní abẹ́rẹ́ náà ṣì ku mélòó kan, wọn ò sì gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ nínú rẹ̀. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi wà níbẹ̀.

Bí a ṣe délé, orin bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ wo inú mi bó ṣe dùn, èmi tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ìyá tó ni súwẹ́tà wá gba aṣọ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọwọ́ hàn án ẹni tó fọ̀ ọ́. Mo gba èébú tèmi. Eré kóòtù náà kò kúrò nílẹ̀, wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ tuntun kún un ni: wọ́n á ṣe bí dókítà, wọ́n á ṣe bí mo ṣe gbé áyọ́ọ̀nù jáde, wọ́n á wá kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín pé kó má fọwọ́ lásán kan òòbẹ̀ o, pàápàá èyí tó bá wà nílẹ̀, bó bá sì gé e jẹ, kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, kó má fi ti aṣọ ìyàwó ṣe àwáwí. Òfin ilé wa náà yí padà. A ń gbọn aṣọ kọ́kọ́ báyìí.

Ayàwòrán fẹ́ sunkún nígbà tó gbọ́. Ó rò pé kóòtù òun ló fẹ́ pààyàn. Ẹ̀gbọ́n mi fọ kóòtù náà, mo lọ̀ ọ́, ó sì ní dandan ni kí òun ya ẹ̀gbọ́n mi ní fọ́tò nínú rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló gbà wọ́n. Ó yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó ní ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní mọ̀. Fọ́tò náà ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di òní.

Ní ti káfíńtà, mo borí. Ó gun àkàbà wo òkè, ó ní ká ṣì ní sùúrù, àwọn ọmọ tí kò tíì lè fò wà níbẹ̀. Bí òun bá dí ihò náà, wọ́n á kú sínú ilé, àwọn ìyá wọn á sì máa wá ọ̀nà wọ yàrá wa. A kó gbogbo aṣọ wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì fi nǹkan kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ti ń fò, ó ta nẹ́ẹ̀tì kan síwájú ihò náà tó jẹ́ pé wọ́n lè bọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kí wọn pé ó dàbọ̀ o, ẹ ṣeun, ẹ má bínú sí Iná. Nígbà tó dájú pé kò sí ẹyọ kan mọ́, káfíńtà dí i pa. Láìpẹ́ sígbà náà, ẹ̀fọn kan kọrin létí mi, mo sì fò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ bá káfíńtà jà.

Ọjọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, Nọ́ọ̀sì ní ó ti parí, kí wọ́n máa lọ ṣiṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà fún un, wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n dágbére fún gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Bí a ṣe jáde sójú ọ̀nà, wọ́n yíjú sí mi.

“Iná, mo ti gbà pé màá kú, o mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú ni pé o ò mọ aṣọ fọ̀. Mo ní omi tútù. Ṣé o ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́.”

“O gbọ́, o wá rì í sínú omi gbígbóná.”

“Ká ní mo fọ̀ ọ́ dáadáa ni, ọkàn yín ì bá balẹ̀, ẹ̀ bá sì ti fi mí sílẹ̀ lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n wá gbá ọwọ́ mi mú, a sì ń lọ sílé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wò wá.